Ìyá Rédíò Bá Ọkọ Rẹ̀ Yodì Lójú Ọ̀sà

Ní èbúté Ẹ̀pẹ́, bí ẹ bá ní Kúlúsúmù lẹ ń wá, wọn á bi yín pé Kúlúsúmù wo. Ẹ ṣáà ti ní Ìyá Rédíò, wọn á nawọ́ sí ọkọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá kan náà ni wá, orúkọ yẹn sì máa ń bí mi nínú. Àwọn tó fún un lórúkọ náà gbà pé obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni, pé bí ọkọ̀ bá ti ṣí ní Ẹ̀pẹ́, títí yóò fi gúnlẹ̀ sí Ìkòròdú, kò sí ohun tí kò ní sọ̀rọ̀ lé lórí: ẹyẹ tó bà, ọkọ̀ tó ń bọ̀, koríko tó léfòó, apẹja tó ń da àwọ̀n. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ mà ní sùúrù o. Ẹ ò rí ayé bí? Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń káàánú.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyí. Súbérù ọkọ rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ojú ọ̀tún ti kú pátápátá, ojú òsì ń wo ayé bí ẹni tó yọjú sínú ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja. Wọ́n ti lọ rí dókítà ojú. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà, pé oògùn kíkán ni yóò di ìyókù mú, àti pé kó má ṣe wa ohunkóhun mọ́. Súbérù gba oògùn, ó ń kán an tọkàntọkàn, ó sì padà sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ta ìgbòkun, bàbá bàbá rẹ̀ ta ìgbòkun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ra ẹ́ńjìnì tipẹ́, òun àti àwọn kan tó ń kó yanrìn ló kù tó ṣì ń fi ìgbòkun rìn lójú ọ̀sà. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ pé ojú òun ti lọ, wọn á máa bá òun sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, òun kò sì ní fojú òun rí ìyẹn. Èmi ní, ojú wo?

Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ń bá a ríran. Yóò jókòó sí orí ọkọ̀, níwájú pátápátá, yóò kọjú síbi tí wọ́n ń lọ, yóò sì máa rojọ́ bí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe. "Bàbá Mubashir, ẹ wá wo àwọn ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń da àwọ̀n ní apá òkun." Súbérù á ní, "Mo rí wọn," á sì rọra darí ọkọ̀ sí apá ilẹ̀. "Ẹ wo igi tí wọ́n rì fún ẹja níwájú wa, ta ló tún wá rì í síbí?" "Mo rí i." Apá òkun, apá ilẹ̀, bí àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbòkun ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, nítorí ilẹ̀ àti òkun kì í kúrò níbi tí wọ́n wà. Ẹni bá ń gbọ́ wọn yóò rò pé tọkọtaya kan ló ń tàkúrọ̀sọ. Kúlúsúmù gba orúkọ aláròyé kí wọ́n má baà pe ọkọ rẹ̀ ní afọ́jú.

Inú ọkọ̀ náà sì ni wọ́n ń gbé ju ilé lọ. Kò tóbi. Pákó ni, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun ìdí rẹ̀. Ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ àpò ìrẹsì àti tápólì tí èmi fúnra mi fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi so pọ̀ ní Ìkòròdú, tí abẹ́rẹ́ sì ń dá lójoojúmọ́. Gáráwà tí wọ́n gé sí méjì ni ààrò wọn, wọ́n bu yanrìn tútù sí ìdí rẹ̀ kí iná má baà ran pákó. Omi ń wọlé díẹ̀díẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lẹ́nu kì í sì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá wà láàárín ọkọ̀. Omi ọ̀sà ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, ìjókòó ni wọ́n ń kírun. Bí ọkọ̀ bá yí nígbà tí ìrun ń lọ lọ́wọ́, Súbérù ní ibi tí èèyàn kọjú sí nígbà tó kábàrà láti bẹ̀rẹ̀ ìrun ni Ọlọ́run mọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ààfáà kankan fọwọ́ sí ìyẹn.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni ìjà ńlá ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń kọjá ní Ijede, ẹ̀gbọ́n mi sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ro ọbẹ̀ tó fẹ́ jó. Kó tó gbójú sókè, ọkọ̀ ti gun orí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n apẹja kan tó ń jẹ́ Abdulrahman. Ọkùnrin náà bẹ́ sómi. Ó jáde ní ìhà kejì, ó ń tu omi lẹ́nu, ó ń ṣépè. Kò sí ohun tó ṣe é, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n délé, ó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kó jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí Súbérù sọ. Ó ní, "Ìwọ lo panu mọ́. Ká ní o sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ kó o sọ̀rọ̀ ni, kí ni ì bá fa wàhálà?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí ìkúnlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bá a yodì.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọkọ yodì nílé wa. Oúnjẹ rẹ̀ kì í pẹ́, omi ìwẹ̀ rẹ̀ kì í tutù, aṣọ rẹ̀ á tiẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò ní rí gbà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ dandan, wọn á wá ẹlòmíì tí yóò máa gbé e lọ gbé e bọ̀. Èmi Toyyibah, tí mo wá sí Ẹ̀pẹ́ fún ìsọmọlórúkọ, tí mo fẹ́ bá mọ́tò padà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòròdú jẹ́jẹ́, èmi ni wọ́n wá mú.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ilé. "Ó ti kó èédú sínú ọkọ̀, ó ń lọ sí Èbúté Ìkòròdú lọ́la. Mo ti ní n kò ní sọ̀rọ̀ fún un mọ́ lójú omi. Mo rò pé kò ní lè lọ. Ó ní òun ń lọ."

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ nígbà náà," ni mo wí.

Ó wò mí. "Kó lọ kú ńkọ́? Bá wa wọkọ̀, Toyyibah. Mi ò lè sọ̀rọ̀, mi ò sì lè jẹ́ kó dá lọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ́gbọ́n dání lójú mi, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo lọ. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ o, ẹ̀rù omi sì máa ń bà mí débi pé mo máa ń di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú títí ọwọ́ mi á fi kú.

Ọyẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wá, atẹ́gùn tí Súbérù fẹ́ràn nìyẹn, torí pé òun ló ń gbé ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú láìjà. Ó jókòó sí ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn, ó di àjẹ̀ gígùn tí wọ́n fi ń darí mú sábẹ́ apá. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí orí ọkọ̀ níwájú. Èmi wà láàárín, lórí àpò èédú, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́.

"Toyyibah, sọ fún Ìyá Mubashir kó bu omi fún mi."

Kò ju ìwọ̀n ìbùsùn méjì lọ láàárín wọn. "Ìyá Mubashir, wọ́n ní kí ẹ bu omi fún àwọn."

Ẹ̀gbọ́n mi bu omi, ó gbé e fún mi, mo gbé e fún ọkọ rẹ̀. "Sọ fún un pé mo dúpẹ́." "Wọ́n dúpẹ́." "Sọ fún un pé kò tó ọpẹ́." Ká ní kò sí ẹ̀rù lára mi ni, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín kú.

Lọ́jọ́ kìíní, Ọlọ́run bò wá. Ibi tí ọ̀sà ti fẹ̀ la wà, àwọn ọkọ̀ ẹ́ńjìnì ń rí ìgbòkun wa lókèèrè, wọ́n ń yà fún wa. Mo ń pariwo pé ọkọ̀ kan ń bọ̀, Súbérù á ní òun ti rí i, irọ́ funfun báláú. A jẹ gààrí àti ẹja yíyan, a kírun, mo gbọ́n omi títí apá mi fi ro. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, a ju ìdákọ̀ró sí etí koríko, a sùn lórí èédú. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìborùn rẹ̀ bo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ nígbà tó rò pé ó ti sùn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kùrukùru ọyẹ́ sì bo gbogbo ojú ọ̀sà. Etí ilẹ̀ ò sí mọ́. Oòrùn funfun bí àwo. Mo ní kí a dúró díẹ̀, kó ṣí. Súbérù ní ọ̀nà tí òun ti ń tọ̀ kí wọ́n tó bí mi, kùrukùru kò lè fi pamọ́ fún òun. Ó fa ìgbòkun sókè fúnra rẹ̀. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ó pa ẹnu dé gbáà, ó sì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú ní ọ̀tún àti ní òsì.

A ń sáré. Atẹ́gùn lágbára ju ti àná lọ, omi ń ta sókè lórí èédú. A ti ń sún mọ́ Ijede nígbà tí Súbérù gbé etí sókè.

"Toyyibah, ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ni mò ń gbọ́ yẹn. Ibo ló wà?"

Èmi náà gbọ́ ọ, ó ń kùn gùùrù gùùrù. Kò sí ohun tí mo rí. Àwọn ẹ̀rọ yẹn máa ń dúró láàárín ọ̀sà, wọ́n á na páìpù ńlá láti ara wọn dé etí ilẹ̀, tí yanrìn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ onípákó tó bá sáré kọ lu irú páìpù bẹ́ẹ̀, ó di igi ìdáná.

"Ìyá Mubashir, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀!"

Ẹ̀gbọ́n mi kò yíjú padà. "Sọ fún un kó gbé àjẹ̀ fún mi. Kó gbà pé òun ò ríran, kó sì gbé e fún mi. Màá sọ̀rọ̀ nígbà náà."

"Bàbá Mubashir, wọ́n ní kí ẹ gbé àjẹ̀ fún àwọn."

"Sọ fún un pé wọn ò bí i sí ìdí ọkọ̀."

"Wọ́n ní wọn ò bí yín sí..." Inú bí mi wàyí. "Kí ló ń ṣe ẹ̀yin méjèèjì? Mi ò gbé ọ̀rọ̀ kankan mọ́! Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Ibi tí mo ti ń jà yẹn ni páìpù ti yọ. Dúdú, gbọọrọ, àgbá léfòó lábẹ́ rẹ̀ kan lẹ́yìn kan, ó dábùú ọ̀nà wa láti apá ilẹ̀, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sì wà ní ìparí rẹ̀ ní apá òkun bí ilé tó dá dúró sínú èéfín. Lẹ́yìn ẹ̀rọ ni ojú omi ti ṣí. Mo rí i kedere. Ohun tó yẹ ká ṣe kò ju ká yà sí apá òkun lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí. A kì í kẹ̀yìn sí àgbà bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà mí, mo yíjú sí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀ lórí èédú, mo nawọ́ sí ibi tó ṣí, mo sì kígbe pé, "Páìpù! Páìpù wà níwájú! Ẹ yà sí ọ̀tún, ọ̀tún, ọ̀tún!"

Ọ̀tún tèmi ni. Òsì tirẹ̀ ni. Kò rí ọwọ́ tí mo nà. Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ yí ọkọ̀ sí ọ̀tún tirẹ̀, sí páìpù.

"Súbérù!"

Mi ò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Ìyàwó wo ló ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀ nílé wa? Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde, ó ń sáré bọ̀ lórí àpò èédú, ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ mọ́lẹ̀ kọjá. "Súbérù, fi àjẹ̀ sílẹ̀! Fi sílẹ̀, mo ní! Toyyibah, tú okùn!"

Mo tú okùn. Ìgbòkun já bọ́ lé mi lórí, n kò rí nǹkan mọ́. Mo gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń mí lórí àjẹ̀ kan ṣoṣo, mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń pe Allāhu. Ọkọ̀ yí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan páìpù, kì í ṣe pẹ̀lú orí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló fi ha á láti iwájú dé ẹ̀yìn, pákó ń ké. Àpò èédú ń já sómi. Mo di òpó ìgbòkun mọ́ra, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má pa mí sínú omi tútù, kó pa mí sílé bó bá ṣe pé yóò pa mí.

Nígbà tí mo bọ́ lábẹ́ ìgbòkun, a ti yọ́ kọjá iwájú ẹ̀rọ náà, àwọn òṣìṣẹ́ orí rẹ̀ ń bú wa. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìdí ọkọ̀, àjẹ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀. Súbérù wà nílẹ̀, lórí èédú, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wá ibi tí yóò dì mú. Pákó kan ti là ní apá ilẹ̀, omi ń ya wọlé bí ti ẹ̀rọ omi.

"Gbé e fún mi," ni Súbérù wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"N kò gbé e. Ẹ gbọ́n omi, Bàbá Mubashir."

"Kúlúsúmù, gbé e fún mi. Èbúté kún lásìkò yìí. Gbogbo wọn ló máa wà níbẹ̀."

Ohun tó ń dà á láàmú nìyẹn! Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wa, ó ń ro ti àwọn tó máa wò ó. Mo bọ́ ìró mi, mo ń fi ẹsẹ̀ tì í bọ inú pákó tó là, mo sì ń ṣépè lábẹ́ ahọ́n. Mo ní kí a padà sí Ijede tó sún mọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọyẹ́ kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ padà sẹ́yìn, pé ọ̀nà kan tó kù ni kí a fa ìgbòkun sókè, kí a sáré dé Èbúté Ìkòròdú ṣáájú omi.

Súbérù kò mira. Ó jókòó, omi ń gun orí itan rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè fi àjẹ̀ sílẹ̀, èmi kò lè fi pákó sílẹ̀. Bí ọkùnrin yìí kò bá gbọ́n omi, a ò ní débẹ̀. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n.

"Bàbá Mubashir," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, kò pariwo mọ́, "mi ò fẹ́ di opó nítorí ohun tí èèyàn máa sọ ní èbúté."

Ó pẹ́ kó tó ṣe é. Ó fọwọ́ wá kẹ́ẹ̀gì káàkiri, ó rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n. Ó ń gbọ́n ọn bí ẹni tí inú ń bí. Èmi náà tẹ ìró mọ́ ojú ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ń sọ̀rọ̀ lórí wa, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni, ó kàn ń sọ ọ́: ọkọ̀ akérò kan rèé ní apá òkun, ó ti rí wa, koríko rèé, a ó kọjá, mo ti ń wo òrùlé, mo ti ń wo òrùlé.

Èbúté kún lóòótọ́. Ọkọ̀ akérò ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, àwọn tó ń ta ẹja ti jókòó, àwọn tó ń kó yanrìn ń fọ ṣọ́bìrì. Ìbráhìm tó fẹ́ ra èédú dúró sí ìparí pákó èbúté. Wọ́n rí obìnrin ní ìdí ọkọ̀ Súbérù, ni ẹ̀rín bá ta.

"Ìyá Rédíò ti di awakọ̀ o! Ọ̀gá Súbérù, ṣé oorun ló gbé yín lọ ni?"

Mo rí bí ọrùn Súbérù ṣe le. Ẹ̀gbọ́n mi náà rí i. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀, kíá ló ti ń wá aṣọ fi bò ó. "Ọwọ́ ló ń dùn wọ́n," ló fi kígbe. "Ọwọ́ ló dùn wọ́n lánàá, ni mo ṣe gbà á!"

Ìbá ti tó. Wọn ì bá gbà á gbọ́, wọn ì bá rẹ́rìn-ín sí i, ọ̀la á sì dé.

Súbérù gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó di òpó ìgbòkun mú, ó dìde dúró, èédú dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó kọjú sí ibi tí ẹ̀rín ti ń wá, kò sì bọ́ sí i gan-an, ó kọjú sí àárín Ìbráhìm àti òpó kan.

"Ọwọ́ ò dùn mí," ló wí. "Mi ò ríran ni. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti ríran, ìyàwó mi ló ń tọ́ mi sọ́nà. Lónìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á."

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sómi, ó jókòó sórí àpò tó kù, ó bú sẹ́kún kíkan kíkan, níwájú gbogbo wọn. Èmi náà ń sunkún, ìró ò sí nídìí mi, èmi pẹ̀lú tòbí nìkan, mi ò sì bìkítà.

Nígbà tí ọkọ̀ kan pákó èbúté, Ìbráhìm na ọwọ́ sísàlẹ̀ láti fa Súbérù gòkè. Súbérù gbọ́ ọ pé ó sún mọ́ òun, ṣùgbọ́n kò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dúró sínú omi tó wà nínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn síbi tí ẹkún ti ń wá, ó sì ń retí, títí ẹ̀gbọ́n mi fi nu imú, tó dìde, tó dì í mú.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè," ló wí fún un. "Pákó rèé."